Ta Ni Ó Ni Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀?

Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn baba wa, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mọ ibi tí ó dorí kọ. Ẹni tí ìkòkò wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ro ti ẹni tí yóò jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ fún wa. Bí ó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ tí baálé ń jẹ gan-an, tí ó fẹ́ràn, tí ó sì ń béèrè fún lójoojúmọ́, ni ó ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí ìyáálé máa sè é lọ nítorí pé baálé ní kí ó sè é ni? Àbí kí ó kọ̀? Àbí kí ó fọgbọ́n yí ọwọ́ padà nídìí ààrò, kí ó má sì wí fún ẹnikẹ́ni?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, pé iyọ̀ lásán kò tó ohun tí à ń ronú lé lórí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, láti ìgbà tí ó ti gbọ́njú títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, tí ó sì kan ẹni tí ń sè, ẹni tí ń jẹ, àti ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn bí àìsàn bá dé, ọ̀rọ̀ ìwà ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ sì ni pẹ̀lú.

Kí á tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí á kọ́kọ́ bu ọlá fún iyọ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ iyì rẹ̀ láàrin wa kò lè mọ ìdí tí ó fi ṣòro láti dín kù. Níbi ìsọmọlórúkọ, iyọ̀ kì í gbẹ́yìn láàrin oyin, obì, orógbó àti ataare. A ó fi tọ́ ọmọ náà lẹ́nu, a ó sì gbàdúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn. Èdè wa pàápàá gbè sẹ́yìn iyọ̀. Ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ó tẹ́ ni à ń wí. Ẹni tí ojú tì láàrin ẹgbẹ́, òun náà tẹ́. Ìró kan náà ni, àfi bí ẹni pé èdè mọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn obìnrin tí ó gbé ọbẹ̀ àtẹ́ síwájú àlejò ọkọ rẹ̀. Ìtìjú ni ó ń sá fún tí ó fi ń bu iyọ̀ lé iyọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí iyọ̀ fi níyì. Ní ayé àtijọ́, kò pọ̀ nílẹ̀ ní àwọn ìlú tí ó jìnnà sí òkun. Láti etíkun ni wọ́n ti ń ru ú gòkè wá, àwọn oníṣòwò Hausa náà sì ń kó iyọ̀ àti káún wọ Ìlọrin àti àyíká rẹ̀ láti ọ̀nà àríwá, wọn a sì ra obì padà lọ. Ohun tí a bá rù la igbó àti ọ̀dàn kọjá kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Ọ̀wọ́n gan-an ni ó ń bá àwọn baba ńlá wa wọn iyọ̀ ọbẹ̀ wọn. Wọn kò nílò oníṣègùn tí yóò wí fún wọn pé kí wọ́n dín in kù. Lóde òní, iyọ̀ wà lára ohun tí ó rọrùn jù lọ láti rà lọ́jà. Òṣùwọ̀n tí ọ̀wọ́n mú lọ́wọ́ ti bọ́ sílẹ̀, a kò sì tíì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe nínú ara? Bí a bá pín iyọ̀ ọbẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, sódíọ̀mù kó bí ọ̀nà méjì nínú rẹ̀. Ara kò lè ṣe aláìní sódíọ̀mù, nítorí pé ó wà lára ohun tí ń mú iṣan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí sódíọ̀mù bá wà ni omi ń tẹ̀lé e lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, tí kíndìnrín kò sì rí i yọ tán, omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa fi agbára ti ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá. Báyìí ni ó ṣe ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru. Àrùn yìí lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn, títí di ọjọ́ tí iṣan kan yóò bẹ́ tàbí tí yóò dí nínú ọpọlọ, tí rọpárọsẹ̀ yóò sì dé. Lóòótọ́, iyọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń fà á. Ìran ènìyàn, ọjọ́ orí, ara sísanjù àti ọtí ní ipa tiwọn, ara gbogbo ènìyàn kò sì gba iyọ̀ bákan náà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi àwọn ènìyàn láti ibùdó 52 ní orílẹ̀-èdè 32 wéra nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 1988, àwọn Yanomami inú igbó Brazil, tí iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú oúnjẹ wọn rárá, wà lára àwọn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kéré jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàrin wọn, àní láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ga pàápàá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ju gíráàmù 5 lọ, èyí tí kò ju ẹ̀kún ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì lọ. Ìṣirò àjọ náà kan náà fi hàn pé ohun tí àgbàlagbà ń jẹ káàkiri ayé ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé inú agolo iyọ̀ nìkan ni iyọ̀ wà. Ó wà nínú magí, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú kílíṣí àti nínú oúnjẹ inú ọ̀rá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi omi gbígbóná sè lóru. Káún tí a ń fi sí ewédú kí ó lè yọ̀, tí a sì ń fi se ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, sódíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dín iyọ̀ kù, tí ó wá fi magí mẹ́ta dí ààyè rẹ̀, kò dín ohunkóhun kù.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sínú ilé tí òwe yẹn mú wa dé. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé baálé ilé kan, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbọ́ láti ẹnu dókítà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì dín iyọ̀ kù. Ó gba oògùn. Iyọ̀ ni kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Olówó orí mi, ẹ̀mí yín ni mo ń wí o.” Baba dáhùn, ó ní, “Ẹ̀mí ta ni? Ìyá tí ó bí mi kò mọ dókítà kankan, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ tó ni ó ń jẹ títí ó fi dàgbà dàrúgbó. Gbogbo ohun tí mo ń jẹ ní adùn ni ọjọ́ ogbó ti gbà lọ́wọ́ mi. Ṣé oúnjẹ náà ni ẹ tún fẹ́ gbà?”

Ọ̀rọ̀ baba yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ẹ̀rín gbá dànù. Àgbàlagbà ni, orí rẹ̀ pé, ó sì mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Bí ó bá wọn ọdún díẹ̀ tí ó lè fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ó sì wọn adùn ẹnu tí ó ṣẹ́kù fún un, tí ó wá yan adùn, ta ni yóò sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́? Àwọn tí ń wàásù ìlera sábà máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé adùn oúnjẹ kò jẹ́ nǹkan kan. Irọ́ ni. Fún ẹni tí kò lè jó mọ́, tí ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń kú tán, ọbẹ̀ tí ó dùn kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú àlàyé baba. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé abọ́ òun nìkan ni à ń jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìkòkò ni. Nínú ìkòkò náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń jẹ, ọmọ rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀, ọmọ-ọmọ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, bí rọpárọsẹ̀ bá dé, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ ọ̀rọ̀ sọ nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó ní “ẹnu mi ni” kò tíì ka ọwọ́ tí yóò máa bá a nu ẹnu náà bí ọwọ́ tirẹ̀ bá rọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọwọ́ obìnrin ni. Ìyàwó yóò ti ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin yóò fi ilé ọkọ sílẹ̀ wá fún oṣù mélòó kan, oṣù náà yóò sì di ọdún. Ó tọ́ nígbà náà kí àwọn tí wọn yóò gbé ẹrù ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà kí ẹrù tó dé.

Ní ẹnu ni a wí o; a kò sọ pé kí wọ́n gba àṣẹ. Bí a bá gbà pé ẹnikẹ́ni tí àìsàn ẹlòmíràn lè dé bá lè máa pàṣẹ fún ẹni náà, kò ní sí àgbàlagbà kankan tí yóò lómìnira mọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Wọn yóò ní kí ó má gun kẹ̀kẹ́, wọn yóò ní kí ó má lọ sóko, wọn yóò sì máa ka iye ìgbà tí ó dìde. Àgbà tí a ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́ ti kú kan lára àwọn ikú tí ó ń bẹ̀rù.

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń dá ni pé kí wọ́n máa se ìkòkò méjì, ọ̀kan fún baba, ọ̀kan fún àwọn ìyókù. Lójú ẹni tí kì í wọ ilé ìdáná, ọgbọ́n tí ó dára ni. Ẹni tí ń sè mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n pín sí méjì tí wọ́n sì kó méjèèjì fún òun, pẹ̀lú owó gáàsì tàbí igi ìdáná. Baba náà yóò sì máa jẹ oúnjẹ aláìsàn ní ìgun kan, òórùn ìkòkò kejì yóò máa wá bá a níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa bu nínú ti àwọn ọmọ.

Ohun kan ni ó yẹ kí ó tọ́ wa sọ́nà níhìn-ín. Iyọ̀ tí kò tó ṣeé fi kún. Èyí tí ó bá ti yòrò sínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ jáde mọ́. Nítorí náà, ìkòkò tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé, ìwọ̀n tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Bí baba bá fẹ́ sí i, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sínú àwo ara rẹ̀. A ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, a kò sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dá ara ẹlòmíràn lágara. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni àṣà: láàrin wa, ẹni tí ó bá béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ dà bí ẹni tí ó bú ẹni tí ó sè é. Àṣà yìí kò ti ọ̀run bọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé agolo iyọ̀ kékeré sórí tábìlì láti ilẹ̀, bí wọ́n ti ń gbé omi ìfọwọ́, èébú tán nínú rẹ̀.

Ó ku ọgbọ́n kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ń lò láìjẹ́wọ́: kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ́n yìí máa ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ahọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ẹ̀kọ́. Bí iyọ̀ bá ti dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀, ọbẹ̀ tí ó dà bí àtẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, èyí tí ó dùn tẹ́lẹ̀ yóò sì wá di iyọ̀ pọ́ńbélé lẹ́nu. Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún odidi orílẹ̀-èdè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti nǹkan bí ọdún 2003, ìjọba bá àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ sọ ọ́ kí wọ́n máa yọ iyọ̀ kúrò nínú búrẹ́dì àti àwọn oúnjẹ mìíràn ní ìpele ìpele. Láàrin 2001 sí 2011, iyọ̀ inú búrẹ́dì wọn fi bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù, àwọn tí ń jẹ ẹ́ kò sì pariwo. Iye iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ níbẹ̀ sún láti gíráàmù 9.5 sí 8.1 láàrin àkókò náà.

Ṣé ẹ̀tàn ni? Ẹni tí ó bá ní kì í ṣe ẹ̀tàn nítorí pé ó yọrí sí rere kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Ẹ̀tàn rere, ẹ̀tàn náà ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàrin kí á fi ète pa mọ́ àti kí á má kéde ìwọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kò fi ète rẹ̀ pa mọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé kí wọ́n máa lu aago lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó tí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé, “Láti òní lọ, n óò máa dín in kù,” tí kò sì tún máa sọ iye tí ó dín ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tí ó tẹ́nu mọ́ ọn pé “bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ náà ni” nígbà tí ọkọ béèrè, ti parọ́. Bí àṣírí bá tú, gbogbo àwo tí ó bá gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà ni yóò di àwo ìfura, ó sì lè jẹ́ oògùn gan-an ni baba yóò kọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Pé kò di dandan kí á fi pa mọ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, ìgbèríko ilẹ̀ China jẹ́rìí sí i. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, abúlé 600 ni wọ́n lò, àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21,000. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tàbí àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ni wọ́n. Wọ́n fún ìdajì àwọn abúlé náà ní iyọ̀ tí wọ́n fi pọ̀tásíọ̀mù rọ́pò bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, àwọn ará abúlé sì mọ̀ pé iyọ̀ mìíràn ni wọ́n ń jẹ. Láàrin bí ọdún márùn-ún, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kéré láàrin wọn ju ti àwọn tí ó ń jẹ iyọ̀ àtijọ́ lọ. (Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó fẹnu kan irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé pọ̀tásíọ̀mù lè ṣe é ní ibi.)

A kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé àtẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá láti ilé ìwòsàn. Àtẹ́ ni oúnjẹ Ọbàtálá. Àwọn ọlọ́sìn rẹ̀ ń se ìgbín láìfi iyọ̀ sí i, òrí ni wọ́n ń lò dípò epo pupa, wọn kò sì ka oúnjẹ náà sí ìyà. Ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà máa sìn, èyí fi hàn pé ohun tí ó ń mú àtẹ́ ṣòro lẹ́nu ènìyàn kì í ṣe ahọ́n nìkan. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án ń rí ọlá nínú rẹ̀; ẹni tí wọ́n fi dandan gbé e fún rí ìjẹníyà. Bóyá ohun tí baba yẹn kọ̀ gan-an kì í ṣe àtẹ́, bí kò ṣe ọ̀nà tí àṣẹ náà gbà wọ ilé rẹ̀. Ká ní wọ́n pè é síbi ìkòkò pé kí ó tọ́ ọ wò, kí ó sọ bóyá irú tí ó pọ̀ sí i, efinrin, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà lè di ààyè iyọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ.

Ìbéèrè náà tún le sí i nígbà tí ìkòkò bá jáde kúrò nílé. Olóúnjẹ etí ọ̀nà ń se fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò mọ ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì ń ṣe fún ìlú. Oníbàárà kò rí ìwọ̀n, kò rí ibi tí ó ti lè bá wọn jiyàn, iyọ̀ tí wọ́n sì ti pò mọ́ ìyẹ̀fun kò ṣeé yọ. Níhìn-ín, ẹni tí ó ní kí ìjọba má dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn kò rò ó dáadáa, nítorí pé ẹlòmíràn ti dá sí i kí ìjọba tó dé. Ilẹ̀ South Africa ṣe òfin ní 2013 tí ó fi ìwọ̀n sí sódíọ̀mù inú búrẹ́dì àti oríṣi oúnjẹ mìíràn, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Kò sí ẹni tí ó gba agolo iyọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dá a padà sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń bẹ̀rù pé gẹ̀gẹ̀ yóò padà bí a bá dín iyọ̀ kù, kí ó fọkàn balẹ̀: ayódíìnì tí a ń fi sínú iyọ̀ ṣeé fi kún bí iyọ̀ ti ń dín.

Gbogbo àlàyé tí baba lè ṣe fún ara rẹ̀, ẹnì kan wà nínú ilé tí kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọ-ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ọbẹ̀ kò tíì ní adùn àtijọ́ tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kò tíì gbó tó láti yọ iyọ̀ bí ti àgbàlagbà, ìwọ̀nba tí ara rẹ̀ sì nílò kéré gan-an. Bí ìyá bá tọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ wò, tí ó rí i pé ó tẹ́ lẹ́nu òun, tí ó sì bu iyọ̀ sí i, ahọ́n ìyá ni ó fi wọ̀n ọ́n. Lórí ti ọmọ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, kò sí ọ̀rọ̀ àṣẹ. Bí wọn kò bá bù ú sí i, kò ní béèrè rẹ̀.